Àfikún antioxidant inú ìgò: ohun tó ń ṣe lára, àti ohun tí kò lè ṣe

Lórí WhatsApp, nínú ọkọ̀ èrò, lẹ́yìn ìsìn, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ta hóró oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ májèlé kúrò lára, tó ń sọ àgbà dèwe, tó sì ń wo gbogbo àìsàn. Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń wà lára ìgò wọn ni antioxidant. Owó ńlá làwọn èèyàn ń ná sí i, àwọn tí ara wọn kò sì le ló ń náwó ọ̀hún jù. Apòògùn ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì ń ká mi lára. Ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tí mo sábà máa ń gbọ́ ló wà nísàlẹ̀ yìí. Kókó ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ẹni tí èròjà kan bá kù káàtó lára rẹ̀ ni àfikún, ìyẹn irú hóró inú ìgò bẹ́ẹ̀, máa ń ràn lọ́wọ́. Ẹni tí nǹkan kan kò kù fún lè má rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀, ó sì lè fara gbá.

Kí ni antioxidant gan-an?

Kì í ṣe oògùn kan pàtó. Ohunkóhun tó bá lè dá free radical lọ́wọ́ kọ́, kó má baà ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́, antioxidant ni. Fítámì C wà lára wọn, fítámì E wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni beta-carotene tó wà nínú epo pupa àti kárọ́ọ̀tì, lycopene inú tòmátì, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ èròjà mìíràn nínú ewé àti èso. Selenium àti zinc kì í ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn, àmọ́ àwọn ẹ́ńsáímù (purotéènì tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá) tó ń ṣe é nílò wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kó gbogbo wọn sínú ìgò kan náà.

Free radical ńkọ́? Ibo ló ti ń wá?

Inú èémí tí à ń mí ló ti ń wá jù. Sẹ́ẹ̀lì ara máa ń lo ọ́síjìn láti sọ oúnjẹ di agbára, nínú àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní mitochondria. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ, àwọn electron, ìyẹn ẹ̀yà tíntìntín inú átọ́ọ̀mù, ń kọjá láti ibì kan sí ibòmíràn. Díẹ̀ nínú wọn máa ń jábọ́ lójú ọ̀nà, ọ́síjìn á gbá wọn mú, á sì di superoxide. Free radical nìyẹn. Èéfín sìgá, èéfín jẹnẹrétọ̀, oòrùn líle, ìtànṣán X-ray, àti ibikíbi tó bá wú tàbí tó ń jóni lára, gbogbo wọn ló ń fi kún un.

Méjì-méjì ni electron sábà máa ń wà. Èyí tí ìkejì rẹ̀ bá ti lọ kì í fara balẹ̀ títí yóò fi já ti ẹlòmíràn gbà. Ẹ wo bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbé bàtà ẹnì kan lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: òun náà á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún á jáde, kò ní rí tirẹ̀, á wọ ti ẹlòmíràn, wàhálà náà á sì máa ràn kiri. Antioxidant ni ẹni tó yọ̀ǹda bàtà tirẹ̀, tó sì lè fẹsẹ̀ lásán rìn délé láì mú ti ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ìjàgbà náà máa parí sí. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì á bàjẹ́, purotéènì inú rẹ̀ á bàjẹ́, kódà DNA, tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, lè fara gbá, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ara kò ní ohun ìjà tirẹ̀ ni?

Ó ní, ó sì lágbára ju ohun tó wà nínú ìgò lọ fíìfíì. Ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ́ńsáímù kan wà lára wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú superoxide ká. Superoxide dismutase ni wọ́n sọ ọ́. Ohun tó bá kù lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ni hydrogen peroxide, èyí tí catalase máa ń sọ di omi àti ọ́síjìn. Ẹyọ catalase kan ṣoṣo lè tú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ rẹ̀ ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ́ńsáímù kẹta, glutathione peroxidase, ń lo selenium àti glutathione, tí ara fúnra rẹ̀ ń fi amino acid (èròjà tó ń para pọ̀ di purotéènì) mẹ́ta rọ, pàápàá nínú ẹ̀dọ̀.

Àwọn tí a ń rí látinú oúnjẹ wá dára pọ̀ mọ́ ìwọ̀nyí. Ibi tí omi bá wà ni fítámì C ti ń ṣiṣẹ́, fítámì E sì wà nínú ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì. Tí fítámì E bá ti fi electron rẹ̀ sílẹ̀ tán, fítámì C ló máa ń sọ ọ́ dọ̀tun. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni. Tí èèyàn bá wá mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, tó rọ ọ́ kún ara ní ìlọ́po mẹ́wàá, kò dájú pé iṣẹ́ náà á yá sí i.

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé àwọn nǹkan yìí lè dá ogbó dúró?

Ní 1956, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Denham Harman gbé èrò kan jáde pé ìbàjẹ́ tí free radical ń ṣe díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ èèyàn di arúgbó. Nígbà tó di 1970, Linus Pauling, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì, bẹ̀rẹ̀ sí polongo pé kí àwọn èèyàn máa lo fítámì C rẹpẹtẹ nítorí ọ̀fìnkìn. Àwọn olùṣèwádìí mìíràn náà sì ń kíyè sí i pé àwọn tó ń jẹ ewé àti èso dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ àti àrùn ọkàn bí àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá ronú pé beta-carotene àti fítámì inú èso ló ń dáàbò bò wọ́n, pé tí a bá yọ wọ́n, tí a fi wọ́n ṣe hóró oògùn, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀.

Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni nígbà yẹn. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso lójoojúmọ́ tún lè jẹ́ ẹni tí kì í mu sìgá, tó ń rìn dáadáa, tó sì tètè máa ń lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a kò bá dán hóró náà wò lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kí a fún àwọn kan ní ojúlówó, kí a fún àwọn kan ní èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, a kò lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dán an wò, kí ló ṣẹlẹ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ, torí pé àwọn tó ń tà á kì í mẹ́nu kàn án.

Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 tó ń mu sìgá jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní mílígíráàmù 20 beta-carotene lójúmọ́, àwọn kan ní mílígíráàmù 50 fítámì E, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Láàárín ọdún 5 sí 8 ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994: àwọn tó lo beta-carotene ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju àwọn tí kò lò ó lọ, ní ìdá 18 nínú 100. Ohun tí wọ́n rò pé ó máa dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró ló tún ń pa á lára.

Àwọn kan rò pé ó ṣèèṣì ni. Àmọ́ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tí wọ́n ń pè ní CARET, pẹ̀lú èèyàn 18,314: àwọn tó ń mu sìgá, àwọn tó ti fi í sílẹ̀, àti àwọn tí iṣẹ́ wọn mú kí wọ́n fa eruku asbestos símú. Mílígíráàmù 30 beta-carotene àti fítámì A ni wọ́n ń lò. Ní oṣù kìíní 1996, wọ́n dá ìwádìí náà dúró ní oṣù 21 ṣáájú àkókò tó yẹ kó parí. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo oògùn náà, ikú sì fi ìdá 17 pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹta kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ìwádìí SELECT bẹ̀rẹ̀ ní 2001, ó kó ọkùnrin 35,533 jọ ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Puerto Rico, láti mọ̀ bóyá fítámì E àti selenium lè dènà jẹjẹrẹ prostate, ẹ̀yà ara kan lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ẹni ọdún 55 sókè ni wọ́n ń gbà, àmọ́ wọ́n gba àwọn aláwọ̀ dúdú láti ẹni ọdún 50, nítorí pé àrùn náà tètè máa ń mú wa, ó sì máa ń le lára wa. Wọ́n dá oògùn náà dúró ní 2008 nígbà tí wọn kò rí àǹfààní kankan. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọkùnrin náà lọ, nígbà tó sì di 2011, wọ́n rí i pé àwọn tó lo fítámì E nìkan, yúnìtì 400 lójúmọ́, ti fi ìdá 17 nínú 100 ní jẹjẹrẹ prostate ju àwọn tó lo hóró lásán lọ. Ìgò fítámì E yúnìtì 400 ṣì wà ní kẹ́míìsì títí dòní, àwọn bàbá wa sì ń rà á fúnra wọn láì bi ẹnikẹ́ni.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 78 jọ fún àjọ Cochrane, tó máa ń gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, èèyàn 296,707 ló wà nínú gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Wọn kò rí i pé àfikún antioxidant ń fa ẹ̀mí ẹnikẹ́ni gùn, yálà onílera tàbí aláìsàn. Ó jọ pé ńṣe ni beta-carotene àti fítámì E tún ń fi kún ikú díẹ̀.

Ohun tó ń gbógun ti free radical, báwo ló ṣe tún lè ṣe wá ní jàǹbá?

Torí pé free radical kì í ṣe ọ̀tá pátápátá. Tí kòkòrò àrùn bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń gbé e mì, superoxide àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló sì fi máa ń pa á. Nitric oxide tó ń mú kí òpójẹ̀ fẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ráyè kọjá, free radical ni òun náà, àwọn tó ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998. Sẹ́ẹ̀lì tún máa ń lò wọ́n láti fi ránṣẹ́ síra wọn.

Eré ìdárayá fi èyí hàn kedere. Tí a bá ń sáré, free radical máa ń pọ̀ nínú iṣan, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ó yẹ kí òun lágbára sí i. Ní 2009, àwọn olùṣèwádìí ní Jámánì ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní mílígíráàmù 1000 fítámì C àti yúnìtì 400 fítámì E lójúmọ́. Àwọn tí kò lo fítámì ni ara wọn wá ń lo ínsúlínì, tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, dáadáa sí i. Àwọn tó lò ó kò rí àǹfààní yẹn.

Ti àwọn amusìgá tún yàtọ̀. Nínú ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti kún, beta-carotene tó pọ̀ jù lè wó lulẹ̀ di àwọn èròjà mìíràn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì lára. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pàápàá sì lè lo antioxidant láti fi dáàbò bo ara rẹ̀.

Ta ni ó wá ń ṣe láǹfààní?

Àwọn kan wà o, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni da oògùn tí dókítà kọ fún un nù.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tí fítámì náà kù káàtó lára rẹ̀. Ara èèyàn kò lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i jẹ fún oṣù díẹ̀, èrìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kò ní jinná. Scurvy nìyẹn, àrùn tí James Lind fi ọsàn àti òroǹbó wò lára àwọn atukọ̀ ojú òkun ní 1747. Mílígíráàmù díẹ̀ lójúmọ́ ti tó láti wò ó.

Èkejì ni àrùn ojú àgbà tí àwọn dókítà ojú ń pè ní AMD, tó ń ba àárín ìríran jẹ́. Ìwádìí AREDS ní 2001 fi hàn pé àpòpọ̀ fítámì C, fítámì E, beta-carotene, zinc àti copper dín bí àrùn náà ṣe ń le sí i kù ní nǹkan bí ìdá 25 nínú 100, fún àwọn tí tiwọn ti dé àárín. Ní 2013 wọ́n yọ beta-carotene kúrò nítorí àwọn amusìgá, wọ́n fi lutein àti zeaxanthin rọ́pò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àpòpọ̀ yìí kì í dènà àrùn náà fún ẹni tí kò tíì ní i, kì í sì í wo glaucoma, àrùn ojú mìíràn tó ń fọ́ni lójú.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó máa ń wú mi lórí. Ẹni tó bá gbé parasitamọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù mì, glutathione inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á tán, ẹ̀dọ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Oògùn tí wọ́n ń fi gbà á là ní ilé ìwòsàn ni acetylcysteine, tó ń fún ẹ̀dọ̀ ní ohun tó máa fi rọ glutathione tuntun, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè gbé onítọ̀hún dé láàárín wákàtí 8. Níbi tí antioxidant ti wúlò lóòótọ́, ẹ̀mí ni ó ń gbà.

Fún àwọn tó ní sickle cell, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí L-glutamine, tí òun náà jẹ́ amino acid, ní 2017 nítorí pé ó ń dín ìrora tó máa ń dé sí wọn kù, nípa bó ṣe ń ran sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́.

Ṣé fítámì C ń wo ọ̀fìnkìn?

Kì í wò ó. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ kí ọ̀fìnkìn tó dé, tiẹ̀ lè fi ìdá 8 nínú 100 yá kíákíá tó bá jẹ́ àgbà, ìdá 14 tó bá jẹ́ ọmọdé. Ẹni tí imú ti ń dà kó tó sáré lọ rà á kò sábà rí ìyàtọ̀. Mílígíráàmù 90 ni ọkùnrin nílò lójúmọ́, obìnrin nílò 75. Tí èèyàn bá gbé ju 1000 mì lẹ́ẹ̀kan, ìdajì rẹ̀ pàápàá kò ní wọ ara, èyí tó wọ ara tí ara kò lò á sì bá ìtọ̀ lọ. Tó bá ju 2000 lọ, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè dá òkúta sí kíndìnrín ẹni tó bá ní àbùdá rẹ̀.

Wọ́n ní glutathione ń jẹ́ kí ara funfun. Ṣé kí n gba dírípù rẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Èyí tí èèyàn bá gbé mì, inú ìfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti máa ń tú ká. Èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan ló léwu jù. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Philippines, níbi tí àṣà náà ti gbilẹ̀, ti kìlọ̀ pé ó lè ṣe ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti iṣan ara ní jàǹbá, ó sì lè mú kí awọ ara ṣí. Wọ́n tún sábà máa ń da fítámì C rẹpẹtẹ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló wà láàárín wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ẹ́ńsáímù G6PD (èyí tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa) tó, tí wọn kò sì mọ̀. Tí irú fítámì C bẹ́ẹ̀ bá wọ iṣan wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa á máa bẹ́, ìtọ̀ á dúdú bí kóòkì, ó sì lè gba ẹ̀mí. Àwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ́ bó yẹn ló ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn.

Ọjà kan ní antioxidant òun ju ti ọsàn lọ ní ìlọ́po àìmọye. Ṣé òótọ́ ni?

Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọn irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, wọn kò wọ̀n ọ́n lára èèyàn. ORAC ni wọ́n máa ń pè é. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní àkójọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní 2012 nítorí pé àwọn olùtajà ń ṣì í lò. Èròjà tó lágbára nínú ìgò lè má wọ ẹ̀jẹ̀ rárá.

Oúnjẹ wo ló ní wọn nínú jù?

Àwọn tí a ti mọ̀ látilẹ̀ ni. Ká sọ̀rọ̀ fítámì C: gíráàmù 100 gúáfà ní ju mílígíráàmù 200 lọ, ìyẹn ju ìlọ́po méjì ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Èso kajú ní ju ọsàn lọ, àwọn kan sì máa ń jù ú nù torí kóró ìdí rẹ̀. Ìbẹ́pẹ, agbálùmọ̀, máńgòrò àti ata tútù, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí ní fítámì E. Tòmátì ní lycopene, ti inú ọbẹ̀ tó ti jinná pẹ̀lú epo ló sì máa ń wọ ara ju ti tútù lọ.

Epo pupa yẹ ní ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ yẹn gan-an ni carotene: kílò kan rẹ̀ ní nǹkan bí mílígíráàmù 500 sí 700. Tí ẹ bá gbé e kaná fún ayamáṣe, tí ẹ bò ó títí tó fi funfun, carotene ti jóná tán nìyẹn, epo lásán ló kù. Mi ò ní kí ẹ má jẹ ayamáṣe mọ́, kó ṣáà má jẹ́ gbogbo ọbẹ̀ ilé la ó máa fi irú epo bẹ́ẹ̀ sè. Ọ̀rá inú epo pupa pọ̀ náà, ìwọ̀nba ni kí a máa lò ó.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é: a gé e wẹ́wẹ́, a fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a gé e tán, a bọ̀ ọ́, a fi ọwọ́ méjèèjì fún un gírígírí títí omi tútù yọ̀ọ̀ yẹn fi dà nù tán, lẹ́yìn náà a tún sè é nínú ọbẹ̀. Inú omi ni fítámì C ń yọ́ sí, iná sì ń pa á. Ó kéré kó tó dé orí àwo. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kí ó kàn rọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sọ̀. Ẹni tí òkúta kíndìnrín ń yọ lẹ́nu nìkan ni mo máa ń sọ fún pé kó ṣì máa bọ tẹ̀tẹ̀, kó da omi rẹ̀ nù, nítorí oxalate inú rẹ̀, èròjà tó máa ń dì di òkúta náà. Carotene inú ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀ kì í bá omi lọ, epo ló sì ń gbé e wọ ara, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ rírò wa fi dára.

Tíì aláwọ̀ ewé àti ata ilẹ̀ pupa ńkọ́, ṣé ewé kì í ṣe ewé ni?

Kí èèyàn mu tíì nínú ife, tàbí kó fi ata ilẹ̀ se ọbẹ̀, kò séwu. Hóró tí wọ́n ti fún èròjà rẹ̀ jọ gan-an ló yàtọ̀, torí ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ nípa àfikún tíì aláwọ̀ ewé tí EGCG rẹ̀, ìyẹn èròjà antioxidant inú tíì náà, bá tó mílígíráàmù 800 lójúmọ́. Tí ojú bá pọ́n bí òféèfèé, tí ìtọ̀ dúdú, ẹ dá a dúró kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀.

Ta ni kò gbọ́dọ̀ lò ó láì bi dókítà?

Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí: kó má fọwọ́ kan àfikún beta-carotene rárá.

Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ: ìtànṣán àti àwọn oògùn kẹ́mò kan ń lo free radical láti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, antioxidant rẹpẹtẹ lè dí wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ: fítámì E tó pọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láì dúró. Kó sọ fún dókítà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ó kéré tán.

Aláboyún: fítámì A oníretinol (èyí tó ti jẹ́ fítámì A gan-an, tí kì í ṣe carotene) tó bá ju yúnìtì 10,000 lọ lójúmọ́ lè ba ọmọ inú jẹ́. Wọ́n tún ti dán fítámì C àti E wò láti fi dènà gìrì aláboyún, kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ: fítámì C tó pọ̀ lè mú kí àwọn ẹ̀rọ kan tí a fi ń wọn ṣúgà parọ́.

Báwo ni mo ṣe lè ka ara ìgò?

Ẹ yí ìgò náà sí ẹ̀yìn, ibi tí lẹ́tà rẹ̀ ti kéré. Lábẹ́ fítámì C, ká ní ẹ rí mílígíráàmù 1000, ẹ ó rí 1111% níwájú rẹ̀ tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé ó ju ìlọ́po 11 ohun tí ara nílò lójúmọ́ lọ. Tí selenium bá wà níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 400 lójúmọ́ lápapọ̀, torí tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, irun á máa re, èékánná á máa kán. Ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ń lò sórí tábìlì kí ẹ ro wọ́n pọ̀: fítámì aláàárọ̀, ti egungun, ti irun àti èékánná. Èròjà kan náà lè wà nínú mẹ́ta nínú wọn.

Nọ́ńbà NAFDAC ń fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ó wà, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọjà náà ń wo àìsàn tí olùtajà ń dárúkọ. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, òfin wọn láti 1994 kò ní kí oníṣẹ́ ọjà fi hàn pé àfikún ń ṣiṣẹ́ kó tó tà á.

Ìyá mi ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì, wọ́n ní antioxidant tí ẹnì kan ní ìjọ tà fún àwọn ti tó. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì bú ẹni tó tà á lójú wọn, torí wọ́n lè máa wá lò ó ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, kí ẹ ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ ká kàn wọn ìfúnpá yín láàárọ̀ àti lálẹ́, ká kọ ọ́ sílẹ̀." Tí nọ́ńbà bá ń ga tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ara wọn ni wọ́n á fi rí i. Ẹ mú ìwé náà àti ìgò náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú wọn, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kò sí antioxidant tó lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí òun sì sọ bí wọ́n á ṣe padà sórí oògùn wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ohun kan nínú oògùn ilé ìwòsàn ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, bóyá ikọ́, bóyá ẹsẹ̀ wíwú, bóyá owó rẹ̀. Dókítà lè yí i padà sí òmíràn. Tí nọ́ńbà òkè bá lé ní 180, tàbí tí ẹnu wọn yí, tí apá kan rọ, tí orí ń fọ́ wọn lójijì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má dúró wọn òmíràn, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.